Ẹ Má Jẹ́ Kí Pupa Ẹ̀ Tàn Yín: Ìbéèrè Yín Lórí Òdòdó Ọdún Inú Ìkòkò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìmúra ọdún o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, òdòdó inú ìkòkò ló gba ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tó rà á tó kú, ẹni tó fẹ́ rà tẹ́rù ń bà, ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn tí ò mọ ohun tó máa fi ṣe. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo ti ṣa díẹ̀ jọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo ra poinsettia kan, èyí tó máa ń pupa fòò nígbà Kérésì yẹn. Ọjọ́ tí mo gbé e wọlé, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń yìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ewé ẹ̀ fi já sílẹ̀ tán, ó ku igi lásán nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín dáadáa o, lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní ọwọ́ mi ni ò dáa. Kí ni mo ṣe, kí sì ni kí n máa wò tí mo bá tún dé ṣọ́ọ̀bù?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kó fi ọwọ́ yín sílẹ̀ jàre. Òdòdó tó bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àtinú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń kú bọ̀, ilé yín ló kàn parí ẹ̀ sí. Pupa yẹn ló tàn yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé pupa yẹn kì í ṣe òdòdó rárá? Ewé ni o, ewé tó pàwọ̀ dà. Òdòdó ẹ̀ gangan ni àwọn kóró kéékèèké tó ṣù jọ sáàárín bí ìlẹ̀kẹ̀, tẹ́nì kankan kì í wò, ibẹ̀ sì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Tí àwọn kóró yẹn bá ṣì padé, tí wọ́n jẹ́ gíríìnì tí orí wọn kàn pọ́n díẹ̀, ọmọdé ṣì ni, á bá yín ṣọdún á tún kù. Tẹ́ ẹ bá rí i tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò ti yọ síta, tó tiẹ̀ ti ń dà sórí ewé, ó ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ẹ̀ nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé àárín yẹn ti pá, pé àwọn kóró ọ̀hún ti já lọ, ẹ fi í síbẹ̀ bó ti wù kó pupa tó, torí tí wọ́n bá ti já, kì í pẹ́ táwọn ewé pupa náà á fi tẹ̀ lé wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ìsàlẹ̀. Ewé gíríìnì yẹn, ó yẹ kó wà látòkè títí dé ibi tí igi ti wọnú ilẹ̀, kó sì dúdú mìnìjọ̀. Tí ìdí ẹ̀ bá ti ṣófo, tó wá rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́, ìyà ti jẹ ẹ́ níbì kan kó tó débẹ̀, ó lè jẹ́ òùngbẹ, ó lè jẹ́ omi àpọ̀jù, ó lè jẹ́ pé kò rí ìmọ́lẹ̀. Gíga ẹ̀ náà ní ìwọ̀n, wọ́n máa ń sọ pé kó tó bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìbú ẹnu ìkòkò ẹ̀, ìyẹn ni pé ìkòkò tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí igi ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 37 tàbí 38. Ẹ ò ní láti mú rúlà lọ o. Ojú yín á sọ fún yín, èyí tó bá ga gọgọrọ tó tún tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kiri.

Ẹ wá yí ewé kan sódì. Èyí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ra ọ̀kan lọ́dún kan, mo gbé e délé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi táwọn òdòdó mi yòókù wà, bí ọwọ́ mi ṣe kan ewé ẹ̀ lásán báyìí, eṣinṣin funfun wínníwínní kan gbéra fùú látinú ẹ̀ bí eérú tí atẹ́gùn fẹ́, wọ́n fò yíká díẹ̀, wọ́n tún padà lọ bà sábẹ́ ewé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lé wọn, gbogbo òdòdó tó wà nídìí fèrèsé yẹn ló sì kó o. Láti ìgbà yẹn tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù màá kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n díẹ̀ ná, màá yí ewé mẹ́ta mẹ́rin wò lábẹ́, màá wo oríkèé ibi tí ewé ti so mọ́ igi, tí mo bá rí ohun tó funfun bí òwú níbẹ̀ tàbí tí ewé bá ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n ta oyin sí i, mo ti yọwọ́ nínú ẹ̀.

Ó wá ku ilẹ̀ inú ìkòkò, ibẹ̀ ló sì jọ pé ó ti pa tiyín, torí ẹ ní ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bomi rin ín. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ yẹn. Tó bá gbẹ tí ewé sì rọ, òùngbẹ ni, tó bá mu omi ó lè jí padà. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá tutù rinrin tí ewé ṣì rọ síbẹ̀síbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn, gbòǹgbò ẹ̀ ló ti jẹrà, kò rí omi fà mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá tún bù lé e ló máa sin ín. Tí ẹni tó ń tà á bá gbà fún yín, ẹ di ìdí igi mú, ẹ rọra fa ìkòkò rọ́bà yẹn kúrò lára ẹ̀. Gbòǹgbò tó dáa máa ń funfun, ó máa ń le lọ́wọ́. Èyí tó ti bàjẹ́ á ti dà bíi pákó tó rà, tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì fà á, awọ ẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́ á ku òwú inú ẹ̀ tín-ín-rín, òórùn ẹ̀ á sì sọ ìyókù fún yín. Ẹ tún wo bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ìkòkò ọdún, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ kò níhò nísàlẹ̀, inú ẹ̀ lomi ń dá jọ sí tí gbòǹgbò á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bomi rin ín, kómi jò tán, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un padà. Omi lójoojúmọ́ sì ti pọ̀ jù, ìgbà tí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tó bù ú sí i.

ÌBÉÈRÈ: Níbi tí mo ti fẹ́ rà á, inú láílọ́ọ̀nù gígùn ni wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sí, wọ́n tò wọ́n mọ́ra pẹ́kípẹ́kí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ ṣí ọ̀kan wò, ẹni tó ń tà á ní kí n má ṣí i, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dára. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni, ẹ má bínú. Torí ìrìn àjò ni wọ́n ṣe ń wọ láílọ́ọ̀nù yẹn fún un, kí ewé má baà ya nínú mọ́tò. Tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù ó yẹ kí wọ́n bọ́ ọ kíá, torí igi náà máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun náà ló ń mú kí èso pọ́n, tó bá wá há mọ́ inú láílọ́ọ̀nù fún ọjọ́ púpọ̀, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kòlọ̀ wálẹ̀, á máa pọ́n, á máa já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo lọjà yìí wọlé. Tí wọ́n bá ní àná, ó ṣeé gbọ́. Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Mẹ́síkò ni igi yìí ti wá, ó ní ibi tó ti ń dàgbà nínú igbó níbẹ̀ tó ń ga ju èèyàn lọ dáadáa, àwọn Aztec, ìyẹn àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́, ló ń pè é ní cuetlaxochitl kí Joel Roberts Poinsett tó jẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún tó fi í ránṣẹ́ sílé ní 1828 tí wọ́n wá fi orúkọ tiẹ̀ pè é. Kò mọ òtútù láti ilé ẹ̀ wá. Tó bá ti rẹlẹ̀ ju dígíríì 10 ti Celsius lọ ó ti ń ṣe é ní jàǹbá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló sì máa ń hàn, ẹ lè gbé e délé kó ṣì máa dán fún ọjọ́ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé èyí tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lù ní gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ṣílẹ̀kùn, ẹ fò ó, ẹ lọ mú èyí tó wà ní inú lọ́hùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá wá sanwó tán tó jẹ́ pé òtútù wà níta, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wé e, lóríi-lórí, láti ibi káńtà dé inú mọ́tò. Ẹ má gbé e sí bùútù o. Ẹ má sì gbà á kẹ́ ẹ wá yà síbòmíì tẹ́ ẹ tún ní nǹkan mẹ́ta láti rà, òun lẹ máa rà kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ tú u kíá. Ibi tó bá wà láàárín dígíríì 18 sí 21 tí ìmọ́lẹ̀ ń dé ló bá a lára mu, kó má sún mọ́ é-sì, kó má sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, kí ewé ẹ̀ má kan gíláàsì fèrèsé tó tutù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ìyá ọkọ mi rí òdòdó pupa yẹn nílé wa, wọ́n pariwo, wọ́n ní májèlé ni, pé ọmọ tó bá jẹ ewé kan ṣoṣo máa kú. A lọ́mọ ọdún méjì, a tún ní ológbò. Ṣé kí n gbé e dà nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbé e dà nù, ẹ má sì bá Màámá jiyàn, ìtàn tí wọ́n gbọ́ yẹn ti pẹ́ kí wọ́n tó bí wọn, ó ti wà nílẹ̀ láti 1919, pé ọmọ kan jẹ ewé ẹ̀ ní Hawaii ó sì kú, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí ẹ̀ rí. Ní 1996, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n kó àkọsílẹ̀ 22,793 jọ nípa àwọn tó jẹ ẹ́ tàbí tó kàn wọ́n lára, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnì kan ò kú. Ọ̀pọ̀ jù ò tiẹ̀ rí nǹkan kan lára.

Ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun jíjẹ o. Oje funfun bíi wàrà tó ń jáde lára ẹ̀ lè jẹ́ kí ara máa yún èèyàn, inú ọmọ lè rú, ológbò lè bì, torí náà ibi tọ́wọ́ wọn ò ti ní í tó o ni kó wà. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gan-an nílé tí ológbò wà ni lílì, lílì gidi o, ìyẹn ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ tó bá lá lára irun ẹ̀ nìkan ti tó. Wọ́n máa ń to òun náà sọ́jà lásìkò ọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ poinsettia tẹ́nu gbogbo èèyàn ń bà jẹ́ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Christmas cactus tí mo rà kún fún ìrudí nígbà tí mo gbé e wálé, ó tó ogójì, mo kà á. Kò sí ìkankan tó là. Gbogbo ẹ̀ já. Mo tiẹ̀ ń gbé e kiri kó lè rí oòrùn, àárọ̀ ní pálọ̀, ọ̀sán ní báńkónì.

ÌDÁHÙN: Ẹ ti dáhùn ara yín, kíkó tẹ́ ẹ ń kó o kiri ni. Òdòdó yìí kò fẹ́ ìpààrọ̀ nígbà tó bá rudí, tí ìmọ́lẹ̀ bá yí, tí ooru bá yí, tí ilẹ̀ ẹ̀ bá gbẹ jù, á kó ìrudí ẹ̀ dà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tó kún fún ìrudí tín-ín-tìn-ìn-tín kì í fi í ṣe ọjà tó dáa jù, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ẹ mú èyí tí ìrudí ẹ̀ ti yọ, tí àwọ̀ ti hàn lórí ẹ̀, tí ọ̀kan tàbí méjì ti là. Ẹ fọwọ́ kan ara ẹ̀, kó kún, kó le. Tó bá ti hunjọ bí awọ ọwọ́ ẹni tó fọṣọ títí, bóyá omi ò dé ibẹ̀ ni o, bóyá gbòǹgbò ló ti lọ ni o, ẹ má dúró wádìí ẹ̀.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Christmas cactus, kì í ṣe òun. Tí etí ewé ẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, èyí tó máa ń tètè là, ní oṣù kọkànlá. Ti Kérésì gangan, etí ẹ̀ rí róbótó. Igbó orí òkè Brazil ni wọ́n ti wá, lórí ẹ̀ka igi àti lára àpáta, kì í ṣe aṣálẹ̀, torí náà orúkọ cactus yẹn má jẹ́ kẹ́ ẹ fi omi dù ú.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ló dáa kí n fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, amaryllis inú páálí ni àbí cyclamen? Mi ò fẹ́ ìtìjú.

ÌDÁHÙN: Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ọ̀gá yín ń gbé. Cyclamen fẹ́ ibi tó tutù díẹ̀, dígíríì 10 sí 16 ló ń gbádùn, tí ọ́fíìsì wọn bá móoru á rọ lójú wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òun, ẹ pín ewé ẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ yọjú sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ rí ìrudí tó pọ̀ níbẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìwọ̀nyẹn lọ̀gá yín máa gbádùn, kì í ṣe èyí tó ti là ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ti bu láàárín, tí nǹkan bí irun eérú hù sí i, ẹ gbé e sílẹ̀.

Amaryllis ní tiẹ̀, ìdí ẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà ńlá lẹ̀ ń rà, bó bá ṣe tóbi tó ni òdòdó ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ ṣí páálí ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kó le kó sì wúwo lọ́wọ́, kó má rọ̀ níbì kankan, kó má bu. Tó bá ti hù nínú páálí, tí ọ̀mùnú ẹ̀ funfun tó wọ́ bí ejò torí kò rí ìmọ́lẹ̀, ẹ mú òmíì. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbìn ín, ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó là, torí náà tẹ́ ẹ bá fún wọn lọ́sẹ̀ ọdún, lẹ́yìn ọdún ni wọ́n máa rí òdòdó. Èmi á fún wọn ní amaryllis. Ọ̀gá tí ò bá ní sùúrù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Mo rí poinsettia kan tí wọ́n kun ní búlúù tí wọ́n da nǹkan dídán sí lára, wọ́n ti gé iye ẹ̀ sí ìdajì. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo sì lè tọ́jú ẹ̀ kó tún pàwọ̀ dà lọ́dún tó ń bọ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kò sí poinsettia búlúù láyé, ọ̀dà ni wọ́n fọ́n sí i. Ọ̀dà yẹn ò burú fúnra ẹ̀, àmọ́ ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ewé tó ti ń pọ́n, ojú àbàwọ́n, o ò ní rí i. Yí i sódì, ibi tí ọ̀dà ò dé yẹn ni kó o wò, kó o wo àárín ẹ̀ bí mo ṣe sọ lókè. Tó bá jẹ́ pé ewé méjì mẹ́ta ló já nísàlẹ̀ àmọ́ tí igi le tí ilẹ̀ ò rùn, rà á, ìdajì owó náà kì í ṣe kékeré. Tó bá rọ lórí ilẹ̀ tútù, ọ̀fẹ́ gan-an ti wọ́n jù.

Kó tún pàwọ̀ dà, ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ ni ṣá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ó gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn biribiri fún wákàtí 14 lálaalẹ́, kó rí ìmọ́lẹ̀ tó dáa lójú ọ̀sán, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Iná gílóòbù tó bá ṣèèṣì tàn lé e lórí lóru lè da gbogbo ẹ̀ rú. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún kan, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ màá gbé e wọ kọ́bọ́ọ̀dù, láago méje àárọ̀ màá gbé e jáde, mi ò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn náà làwọn ọmọ mi ń kó bàtà sí, mi ò mọ̀ pé lálaalẹ́ ni wọ́n ń ṣí i tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ìkejì bàtà. Kérésì dé, igi náà gíríìnì látòkè délẹ̀.